Àpò Méjì, Ọmọ Kan: Bí Ẹgbẹ́ Aláàánú àti Ìjọba Ti Ń Jùmọ̀ Gbọ́ Bùkátà Ọ̀dọ́ Olùwádìí Ìṣègùn

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1953, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí à ń pè ní Nature tẹ àròkọ kúkúrú kan jáde, èyí tí kò kún ojú ìwé méjì. James Watson àti Francis Crick ni wọ́n kọ ọ́, ìrísí DNA ni wọ́n sì fi ń hàn: okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ra, tí àbùdá òbí ń gbà dé ara ọmọ. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kan lónìí tí kò gbọ́ nípa àròkọ yìí. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó kíyè sí gbólóhùn ọpẹ́ tí ó wà ní ìparí rẹ̀. Gbólóhùn náà jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ni ó ń fi owó ran Watson lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 25 ni Watson nígbà náà. Crick ti di ẹni ọdún 36, síbẹ̀ kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Lọ́dọ̀ Medical Research Council, èyíinì ni Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ti ìlú Ọba, ni owó oúnjẹ tirẹ̀ ti ń wá.

Báyìí ni àpò aláàánú àti àpò ìjọba ṣe pàdé lórí tábìlì kan ní Cambridge. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ni àpò méjèèjì pe ìpàdé lórí rẹ̀; ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Láti ìgbà náà wá, ohun tí ó ṣe kòńgẹ́ lọ́jọ́ kìíní ti di ohun tí a ń fi ètò ṣe. Ní ìlú Ọba àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ẹgbẹ́ aláàánú àti ìjọba a máa fi ẹnu kò, wọn a dá owó jọ, wọn a sì fi gbé ọ̀dọ́ kan ró fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè kọ́ iṣẹ́ ìwádìí nípa àìsàn. Ó yẹ kí a mọ bí ètò yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òun ni ó ń pinnu, ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, àìsàn tí ọmọ aráyé yóò tètè rí ojútùú sí àti èyí tí yóò máa dúró.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ tí ó ran Watson lọ́wọ́. Franklin Roosevelt, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1938. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàìsàn ní ọdún 1921, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì ti lè gbé e mọ́. Ẹgbẹ́ náà kò wo ojú àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Sẹ́ńtì mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ní kí olúkúlùkù fi ránṣẹ́, tọmọdé tàgbà sì ń dì í sínú lẹ́tà lọ sí ilé Ààrẹ, títí tí owó ẹyọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àwọn tí ń tú lẹ́tà mọ́lẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni a fi wá abẹ́rẹ́ àjẹsára Jonas Salk rí, èyí tí àwọn ọmọdé bíi mílíọ̀nù 1.8 kópa nínú ìdánwò rẹ̀ ní ọdún 1954, tí a sì kéde ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1955 pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé àwọn olórí ẹgbẹ́ náà kò ná gbogbo owó wọn sórí ọ̀pá àti irin tí a fi ń gbé ẹsẹ̀ ọmọ dúró. Wọ́n yọ lára rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ohun tí wọ́n ń wá kò jọ apá, kò jọ ẹsẹ̀. Bí a bá bi ìyá tí ó fi sẹ́ńtì mẹ́wàá ránṣẹ́ léèrè bóyá ó fẹ́ kí a fi bọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń to irin pẹlẹbẹ pọ̀ mọ́ wáyà ní Cambridge, ó ṣeé ṣe kí ó mi orí pé rárá. Kì í sì í ṣe ìyá náà ni yóò jẹ̀bi. Àìsàn ọmọ rẹ̀ ni ó mọ̀. Kò mọ̀ pé ẹni tí yóò wo àìsàn ní ogún ọdún sí i, ọ̀dọ́ tí kò ní orúkọ ni í ṣe lónìí.

Èdè Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún irú owó báyìí. A ní ọrẹ, a ní sàráà, a ní ìtọrẹ àánú. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń tọ́ka sí ohun tí ọlọ́wọ́ kan fi fún aláìní kan, tí ọ̀ràn sì parí síbẹ̀. Owó tí a ń sọ yìí ní àdéhùn nínú: a fún ọ lówó, iṣẹ́ ni a sì fi rán ọ. Nínú àròkọ yìí, ẹ̀bùn ìwádìí ni a óò máa pè é; nígbà tí ó bá jẹ́ àpò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni ó san án, a óò pè é ní ẹ̀bùn àjùmọ̀san. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sàn jù wọ̀nyí lọ kò ní ṣòro fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè láti wá.

Ta ni ọ̀dọ́ olùwádìí? Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ dókítà tí ó ti ń tọ́jú aláìsàn fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí agbẹ̀bí, tàbí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọn kò tíì ní orúkọ. Lábẹ́ àgbà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀wé béèrè owó, a ó ní kí wọ́n mú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí owó.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀ràn yìí ti nira jù. Owó oṣù tí ilé ìwòsàn ń san fún un, owó ìtọ́jú aláìsàn ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n sì fi ń pè é. Bí ó bá fẹ́ fi ọdún mẹ́ta wá ìdí àìsàn kan, ó ní láti fi ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Àkókò yìí kan náà ni ó sábà máa ń jẹ́ tí ó gbéyàwó tàbí tí ó wọ ilé ọkọ, tí ọmọ dé, tí onílé ń béèrè owó rẹ̀. Bí àyè yìí bá fi kọjá, díẹ̀ ni àwọn tí ń padà wá sí ìdí ìwádìí. Wọn kò di òfo o. Wọ́n di dókítà rere, wọ́n sì ń wo ènìyàn sàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bùn ìwádìí ni afárá tí a gbé sórí odò yìí. Ó ń san owó oṣù, ó ń san owó yunifásítì fún oyè ọ̀mọ̀wé, ó ń ra ohun èlò, a sì máa fi díẹ̀ kún un fún ìrìn àjò.

Ní ìlú Ọba, kọ́bọ̀ ni àpò ìjọba fi bẹ̀rẹ̀. Òfin adójútòfò ti ọdún 1911 fi àyè sílẹ̀ pé kí a ya kọ́bọ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí a sì fi í ṣe ìwádìí, pàápàá jù lọ nípa ikọ́ ife tí ó ń pa àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà. Láti inú kọ́bọ̀ yìí ni a ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1913, òun ni ó sì di Medical Research Council ní ọdún 1920.

Àpò àwọn aláàánú, ní tirẹ̀, pín sí ọ̀nà méjì, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni ti ogún. Henry Wellcome, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó di ará ìlú Ọba, tí ó sì là nídìí oògùn títà, kú ní ọdún 1936. Ìwé ìhágún rẹ̀ ni ó dá Wellcome Trust sílẹ̀. Irú rẹ̀ ni Carnegie Corporation of New York, tí Andrew Carnegie dá sílẹ̀ ní ọdún 1911. Àwọn bẹ́ẹ̀ kì í na igbá sí ẹnikẹ́ni. Owó tí olówó fi sílẹ̀ ni ó ń bí owó, èrè rẹ̀ ni wọ́n sì ń ná. Èkejì ni ti àkójọ. Imperial Cancer Research Fund bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1902 nítorí jẹjẹrẹ, ó sì para pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún 2002 láti di Cancer Research UK. British Heart Foundation bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1961 nítorí àrùn ọkàn. Owó irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń ti ilé ìtajà aṣọ àlòkù wá, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sá eré ìje lọ́jọ́ Àìkú ní ìrántí ìyá wọn, àti láti inú ìwé ìhágún àwọn arúgbó. Ẹkún ni ó sábà máa ń bí wọn. Ẹnì kan a pàdánù ọmọ tàbí aya, a pe àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, wọn a sì di ẹgbẹ́.

Ọ̀nà tí àpò méjì ń gbà pàdé kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀bùn tí Medical Research Council ti ń fún àwọn dókítà tí ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Royal College of Surgeons of England àti MS Society wà lára àwọn tí ó ti bá a pín in san. Ọ̀dọ́ náà kọ ìwé ìbéèrè rẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ kà á, wọ́n sì kọ èrò wọn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ pe àwọn tí tiwọn dára jù, ó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó sì mọ ẹni tí ó wà lókè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú a wá wo inú àwọn tí ó yege, a yan èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àìsàn tirẹ̀, a sì gbé nínú ìnáwó rẹ̀. Orúkọ méjèèjì ni ẹ̀bùn náà yóò máa jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpẹẹrẹ lásán ni iye tí a óò lò. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ 30 ni ó yege, tí owó ìgbìmọ̀ sì tó fún ẹni 20. Ẹni 10 yóò padà sílé pẹ̀lú ìwé ìyìn lásán. Bí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bá wá san ìdajì owó ẹni 6 nínú àwọn 20 tí ó wà lókè, owó ẹni 3 ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ẹni kọkànlélógún, ìkejìlélógún àti ìkẹtàlélógún yóò sì wọlé. Ohun tí ó fara sin níbẹ̀ nìyí: àwọn mẹ́ta yìí gan-an ni owó àánú yọ nínú ewu, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ aláàánú kankan kò sí lára ẹ̀bùn tiwọn. Àwọn mẹ́fà tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára ẹ̀bùn wọn, wọn ì bá kúkú rí owó gbà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà lè máa wádìí ọ̀ràn etí, nígbà tí ẹgbẹ́ náà rò pé ọ̀ràn ọkàn ni òun san owó lé lórí. Àwọn akápò ẹgbẹ́ mọ èyí. A kì í sábà rí i kà nínú ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó.

Kí ni ó wá ń mú kí wọ́n gbà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹgbẹ́ kékeré lè ní owó, kí ó má ní adájọ́. Bí àìsàn tí ó dúró lé bá ṣọ̀wọ́n, àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ lè má ju ènìyàn mẹ́wàá lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ẹni tí ó sì kọ̀wé béèrè owó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kan nínú wọn tàbí abánidíje èkejì. Bí ó bá fi ara mọ́ ìgbìmọ̀ ńlá, ìdájọ́ tí kò ní ojúsàájú di tirẹ̀ láìná kọ́bọ̀ lé e. Ìjọba, ní tirẹ̀, ní adájọ́, ó ní òfin, ṣùgbọ́n kò mọ bí ilé aláìsàn ti rí ní agogo méjì òru. Alzheimer's Society, tí ó wà fún àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, ti fi èyí hàn gbangba. Ó kó àwọn tí ó ti tọ́jú ọkọ, aya tàbí òbí tí iyè rẹ̀ ra jọ, ó sì ń fún wọn ní ìwé ìbéèrè àwọn olùwádìí kà kí wọ́n lè sọ èrò wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò béèrè bí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí a wà yóò ti ṣe rántí láti wá sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀méjìlá nínú ọdún. Ọ̀mọ̀wé lè kọ ogún ojú ìwé láìronú kan ìbéèrè yìí.

Nígbà mìíràn ìdá méjèèjì a máa dọ́gba pátápátá. Ní ọdún 2008, Wellcome Trust àti ìjọba Íńdíà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ jùmọ̀ san, ìdajì sí ìdajì, kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ilẹ̀ Íńdíà lè ṣe ìwádìí wọn ní ilẹ̀ tiwọn dípò kí wọ́n ṣí lọ.

Ètò yìí kò ṣàìní ẹ̀gún nínú. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, ẹni tí ó sì san owó a máa fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ gbà. Watson fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò. Ẹ̀bùn mìíràn ni ó gbé e dé Copenhagen kí ó tó kan èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, nítorí kí ó lè kọ́ nípa ìṣẹ̀dá àwọn èròjà inú ara ni wọ́n sì ṣe fún un. Nígbà tí ó ṣí lọ sí Cambridge ní ọdún 1951, inú àwọn tí ń pín owó náà kò dùn, wọ́n sì gé e kúrú. Owó ẹgbẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó gbà á lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ́ tí àpò méjì ń bọ́ nígbà kan náà, ọ̀gá méjì ni ó ní, ìròyìn méjì ni ó sì ń kọ. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà, tí ohun tí ó rí kò sì jẹ mọ́ àìsàn tí ẹgbẹ́ aláàánú dúró lé mọ́, àdéhùn tí a fara balẹ̀ kọ nìkan ni ó lè sọ ẹni tí yóò dájọ́.

Ọ̀ràn òrùlé àti iná tún ń bẹ. Owó aláàánú a máa san owó oṣù àti owó ohun èlò. Kì í sábà san ti ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́, iná tí ń jó, àti akọ̀wé tí ń tọ́jú ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba a máa fún àwọn yunifásítì ní owó kan lọ́tọ̀ láti dí àlàfo yìí. Nítorí náà, ẹ̀bùn tí a rò pé aláàánú nìkan ni ó san án, ọwọ́ ìjọba ti wà nínú rẹ̀ láìfọhùn.

Ewu tí ó tóbi ju ìwọ̀nyí lọ farahàn ní ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòfídì-19 dé, ilé ìtajà aṣọ àlòkù ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tí ń sá eré ìje mọ́, igbá àkójọ sì ṣófo. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Cancer Research UK kéde pé òun yóò gé mílíọ̀nù pọ́n-ùn 44 kúrò nínú owó ìwádìí. Àwọn àgbà onímọ̀ ní owó mìíràn tí wọ́n lè fà lé. Ọ̀dọ́ tí ó ku oṣù mẹ́jọ kí àdéhùn rẹ̀ parí, tí a sì ti ti yàrá ìwádìí mọ́ ọn lójú, kò ní ibi tí yóò gbé orí lé. Ní ọdún 2021, ìjọba fi mílíọ̀nù pọ́n-ùn 20 sílẹ̀ fún ìrànwọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń bọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ìgbà yẹn ni ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọmọ àjọbí ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún tí ó wọlé jù, kì í ṣe nígbà tí owó gbẹ ni ó ń gún ni. Nígbà tí owó bá ń ṣàn gan-an ni. Bí ìjọba bá ṣèlérí pé ibi tí aláàánú bá fi kọ́bọ̀ kan sí ni òun náà yóò fi kọ́bọ̀ kan sí, àìsàn tí ó ní ẹgbẹ́ alágbára yóò rí kọ́bọ̀ méjì, èyí tí kò ní ẹgbẹ́ kò sì ní rí ọ̀kan. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dìídì ṣe é. Ẹgbẹ́ kò ṣẹ̀, ìjọba kò sì ṣẹ̀. Àpò kejì kàn ń tẹ̀ lé àpò kìíní ni.

Àrùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni ó fi èyí hàn jù. Dókítà James Herrick ti ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní Chicago láti ọdún 1910. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ní in tó nǹkan bí 100,000, ènìyàn dúdú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àrùn àjogúnbá mìíràn wà níbẹ̀ tí à ń pè ní cystic fibrosis, tí ó ń dí ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn tí ó ní tirẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 fi owó tí a ná lórí àwọn méjèèjì láàárín ọdún 2008 sí 2018 wéra. Bí a bá pín in fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, owó ìwádìí láti ọ̀dọ̀ ìjọba jẹ́ dọ́là 812 fún fòníkú-fọ̀ladìde, ó sì jẹ́ dọ́là 2,807 fún èkejì. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, dọ́là 102 ni fún ti àkọ́kọ́, dọ́là 7,690 sì ni fún ti èkejì. Ọ̀nà kan náà ni àpò méjèèjì kọjú sí.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìyá tí ó ń gbé ọmọ tí egungun ń ro sáré lọ sí ilé ìwòsàn lóòru, tí ó sì ń ra ẹ̀jẹ̀ àti oògùn, kí ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi sínú igbá àkójọ? Ilẹ̀ Nàìjíríà ni a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo ayé. Sickle Cell Society ti wà ní ìlú Ọba láti ọdún 1979, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà ní Èkó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n níbi tí aláìsàn ti ń jókòó de ìtọ́jú òní, owó ìwádìí tọ̀la a máa gba ẹ̀yìn. Ẹkún pọ̀ nílé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nítorí àrùn yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹkún ni ó ní agbára láti di ẹgbẹ́ olówó.

Níbi yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó ogún àti owó àkójọ ti wúlò. Ẹgbẹ́ tí ń na igbá gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò fún un? Ẹgbẹ́ tí ń ná ogún lè yan ènìyàn dípò àìsàn. Ní ọdún 2008 ni a dá àjọṣe kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CARTA, nítorí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ yunifásítì ní ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera gbogbo ènìyàn. Ilé iṣẹ́ ìwádìí African Population and Health Research Center ní Nairobi àti Yunifásítì Witwatersrand ní South Africa ni ó jùmọ̀ ń darí rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Carnegie Corporation àti Wellcome Trust wà lára àwọn tí ó jùmọ̀ san owó rẹ̀, pẹ̀lú Sida, ilé iṣẹ́ ìrànwọ́ ti ìjọba Sweden. Ọ̀nà mìíràn tí ó jọ ọ́ ṣí ní ọdún 2017, nígbà tí EDCTP, àjọṣe ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà lórí ìdánwò oògùn, àti ẹgbẹ́ aláàánú kan ní ìlú Ọba tí ń jẹ́ Africa Research Excellence Fund, jùmọ̀ gbé ẹ̀bùn kan kalẹ̀ láti múra àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí Áfíríkà sílẹ̀, kí wọ́n lè bá àwọn ẹlòmíràn du ẹ̀bùn tí ó tóbi ju èyí lọ.

Ohun tí ó mú ti CARTA yàtọ̀ ni ẹni tí ó ń yàn. Ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tàbí ilé ìwádìí tí ó wà nínú àjọṣe náà ni ó lè rí i gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n jọ wọlé lọ́dún kan náà jọ láti kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ kí oyè tó dé, tí ẹni tí ó ń wádìí nípa ibà ní orílẹ̀-èdè kan fi ń jókòó ti ẹni tí ó ń wádìí nípa ìbímọ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n pé ẹgbẹ́ àìsàn wo ni ó rán wọn wá.

Síbẹ̀, àpò kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára ẹ̀bùn. Yunifásítì tí ó ni olùkọ́ náà ni. Òun ni ó gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́ ìkọ́ni, kí ó sì pa ipò rẹ̀ mọ́ dè é. Iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń pín in rù, láìsí àfikún lórí owó oṣù wọn. Bí ó bá sì padà dé pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé, yàrá ìkọ́ni tí ó kún fọ́fọ́ ni ó ń dúró dè é, pẹ̀lú ìwé ìdánwò tí a kò tíì yẹ̀ wò, ẹ̀rọ tí ó fi kẹ́kọ̀ọ́ lókèèrè kò sì sí nílé. Nítorí èyí ni àwọn olùdarí CARTA fi fi owó ìpadàbọ̀ kún ètò wọn. Owó náà kò pọ̀. Òun ni ọ̀dọ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ti oyè, bí kò ṣe tirẹ̀.